Dígí Eladio

Ogún ọdún ni Eladio ti ń gẹ irun mi ní Santo Domingo níbí, "Olórí-ọ̀gẹ̀dẹ̀" ló sì máa ń pè mí.

Láti oṣù mẹ́ta, ó ti di "Ẹ rọra, sà." Kì í bá mi jiyàn bésíbọ́ọ̀lù mọ́.

Tòní tún wá burú jù. Ọmọ mi ló ń bi: "Yanelis, ṣé kí n gé ẹ̀yìn yìí sí i?"

Inú bí mi. "Ṣé orí Yanelis ló wà lọ́wọ́ ẹ ni? Gbé dígí fún mi!"

Ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

Mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì. "Irun yìí ò gún."

Eladio bú sẹ́rìn-ín. "Olórí-ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀yìn dígí lò ń wò!"

Látìgbà tí ojú mi ti fọ́, èébú yẹn ni mo ti ń wá.