Lẹ́tà Pátákó Dùgbẹ̀

“Kì í ṣe èyí náà.”

Bàbá oníbàárà tún na ìka sí kọ̀ǹpútà, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Ìbínú ni obìnrin tó ń ṣe pátákó ní Agbówó yìí pè é. Sùúrù tiẹ̀ náà ti tán. Lẹ́tà àtijọ́ tó ga, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó lẹ́sẹ̀ wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀ ni wọ́n fẹ́, bíi ti pátákó Dùgbẹ̀ tí ìjì wó. Gbogbo èyí tó fi hàn wọ́n ni wọ́n kọ̀.

“Bàbá, ó ti sú mi o. Èyí tó gbẹ̀yìn rèé.”

Wọ́n tẹjú mọ́ ọn. “Òun gan-an nìyẹn.”

“Ẹ má bínú mọ́, sà. Ọwọ́ yín ṣì ń gbọ̀n.”

“Ta ló ń bínú? Ọwọ́ yìí ló kọ pátákó yẹn, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.”