Fáìlì Ọ̀gá Kò Wọlé

Òógùn ń bo Dókítà Jayéọlá lábẹ́ éésì.

"Morẹ́nikéjì, haba! Fáìlì mi ò wọ fódà tí gbogbo ẹ̀ka jọ ń lò!"

Morẹ́nikéjì tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà ọ̀gá rẹ̀. Iṣẹ́ ìwádìí tóun fẹsẹ̀ rìn káàkiri àdúgbò Bulumkutu kó jọ nìyẹn, orúkọ ọ̀gá gàdàgbà lókè.

Ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ fẹ́ fi rọ́pò ti tẹ́lẹ̀ tó wà níbẹ̀ ni, sà. Kò lè gbà. Wọ́n ṣí ìyẹn sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà mìíràn."

"Ní kí wọ́n pa á dé! Ìgbìmọ̀ tó fẹ́ yẹ iṣẹ́ náà wò ti ń dúró!"

"Ìgbìmọ̀ náà ló ń kà á, sà. Èyí tó lórúkọ mi. Èmi ni mo ṣí i fún wọn."

Morẹ́nikéjì fa àga, ó jókòó.

"Ṣé kí n ní kí wọ́n pa á dé?"