Ó Di Ọ̀la

"Wọ́n tún ti dé!" ni ọkùnrin tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn náà wí. Fóònù ọwọ́ rẹ̀ ò sinmi ìkìlọ̀: àwọn àjèjì ń fi oríṣiríṣi páásíwọ́ọ̀dù dán ẹ̀rọ wọn wò.

"Wọn ò ní wọlé ṣá?" ni nọ́ọ̀sì àgbà bi í. "Gbogbo fáìlì àwọn aláìsàn wa ló wà níbẹ̀ o."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Mo ti dẹ pàkúté sílẹ̀ fún wọn. Ẹni yòówù tó bá ṣi páásíwọ́ọ̀dù tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó di ọ̀la kí ẹ̀rọ tó tún dá a lóhùn."

Lóòótọ́, fóònù dákẹ́. Nọ́ọ̀sì àgbà mí kanlẹ̀.

Fóònù tún dún: ọ̀gá dókítà ti wọlé sórí ẹ̀rọ.

Wọ́n wojú ara wọn. Láti àárọ̀ ni ọ̀gá dókítà ti ń ṣiṣẹ́ abẹ lọ́wọ́.

"Ẹ má sọ fún mi pé orúkọ ilé ìwòsàn yìí ló ṣì ń lò ní páásíwọ́ọ̀dù!" ni ọkùnrin náà kígbe.

Nọ́ọ̀sì àgbà káwọ́ lérí.

Fóònù tún dún: àwọn fáìlì ti ń pa rẹ́. Ọkùnrin náà sáré jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kó lè lé olè náà jáde. Nínú ìkánjú, ó ṣi páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ tẹ̀. Ó tún ṣì í tẹ̀.

"Rọra, ọmọ mi."

Ó nu àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta.

Ẹ̀rọ ní kó padà wá lọ́la.