Ẹja Kan Lọ́dún

Mo fa ìgèrè sókè, epìyà ńlá kan sì ń jà nínú rẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, ẹja ti sún mọ́ bèbè adágún. Ẹyọ kan ni òfin gba ilé kọ̀ọ̀kan láàyè láti pa lọ́dún. Gbèmí ọmọ wa ń bọ̀ lónìí, ọbẹ̀ ẹja ló ní òun ń bọ̀ wá jẹ.

Mo gbé ẹja náà sínú ọkọ̀. Ó lanu, àwọn ọmọ tó kó sẹ́nu sì tú jáde.

Ẹ̀rọ ìdí ọkọ̀, tí ìjọba fi ń ka ẹja tí a bá pa, sọ̀rọ̀. "Ẹja ti pọ̀ jù. Ẹ dá ìyókù padà kíá, kí n má baà ti adágún mọ́ yín."

"Bàbá Gbèmí, ẹ má kàn máa wòran!" ni Àwẹ̀ró ìyàwó mi wí. "Ẹ bù wọ́n!"

Mo ń fi igbá bù wọ́n sómi. Àwẹ̀ró di ìyá wọn mú.

"Ìwọ ò lọ síbì kankan. Ọbẹ̀ ni ẹ́."

Ẹja náà ta, ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bọ́ sódò.

"Ó ku ẹyọ kan," ni ẹ̀rọ wí. "Ẹja yín ti ọdún yìí nìyẹn. Ẹ kú iṣẹ́."

"Ṣé ojú ẹ fọ́ ni?" Àwẹ̀ró bi í.

Ọmọ ẹja kan ló kù nílẹ̀ ọkọ̀, kò tó èékánná.