Milud àti Ilẹ̀kùn Irin Tó Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Ṣe

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á dé gbólóhùn tó kẹ́yìn, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní ọlọ́gbọ́n nínú ẹbí yín. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́, n ò ní tàn yín.

1.
Wẹ́dà ni Milud, ní Oran, ìlú etíkun kan nílẹ̀ Lárúbáwá. Irin tó bá jó pọ̀ kì í já. Ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún mẹ́ta tí kò fọwọ́ kan irin, owó tí ìjọba ń san fún àwọn tí kò níṣẹ́ ló ń gbà lóṣooṣù. Òun, Wasila ìyàwó rẹ̀, àti ọmọbìnrin wọn méjì, Ikram àti àbúrò rẹ̀, há sínú yàrá kan nílé ìyá rẹ̀, níbi tí ògiri ti là débi pé ẹ lè ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ilé ìjọba ni wọ́n ń retí. Ó ti di ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ti forúkọ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ilé iṣẹ́ tó ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe ní èbúté pè é síṣẹ́, pẹ̀lú ìwé àdéhùn tó pé. Inú Wasila dùn dé ẹ̀yìn.

"Bàbá Ikram, ẹ gbà á! Ká lọ háyà ilé tiwa."

Milud bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé orí ẹ pé báyìí? Ọjọ́ tí mo bá tọwọ́ bọ ìwé yẹn, owó ìjọba lọ nìyẹn. Orúkọ wa á kúrò lára àwọn tó ń retí ilé, wọ́n á ní a ti lówó jù. Owó iṣẹ́ ọ̀hún ò sì lè háyà yàrá méjì ní Oran yìí. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló ń ṣiṣẹ́, Ìyá Ikram. Ọlọ́gbọ́n ń dúró ni."

Ibi tó ń bí mi nínú gan-an rèé: ìṣirò rẹ̀ ò kúkú burú! Àwọn wo ló jókòó sínú ọ́fíìsì tútù, tí wọ́n ṣòfin pé ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ni kó pàdánù ilé? Ṣé wọ́n ti há sínú yàrá kan nílé ìyá ọkọ rí? Ẹlòmíì gba iṣẹ́ náà. Milud padà sí ilé kọfí tó máa ń jókòó sí lójoojúmọ́.

2.
Ilé kọfí yìí náà ló ti gbọ́ pé obìnrin tí ọkọ kọ̀ sílẹ̀, tó sì lọ́mọ lọ́wọ́, ni wọ́n ń kọ́kọ́ fún nílé. Ó sáré wálé.

"Mo ti rọ́nà! Màá kọ̀ ẹ́ ní kóòtù. Tí wọ́n bá ti fún ẹ ní kọ́kọ́rọ́, a tún fẹ́ra wa padà. Orí ìwé lásán ni."

Wasila ní, "Ẹ ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn, 'mo kọ̀ ẹ́', sí mi lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ sọ ọ́ nígbà tí ọbẹ̀ jóná. Ẹ tún sọ ọ́ lọ́jọ́ tí mo ní kí ẹ wáṣẹ́ lọ. Ẹ má jẹ́ kó di mẹ́ta, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

"Ìyẹn, ìbínú ni. Eléyìí, eré ni."

"Èmi lẹ fẹ́ fi ṣeré?"

"Ilé ni mò ń wá fún ẹ, o wá ń ṣe wáàsí fún mi!"

Ní kóòtù, adájọ́ bi í lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó dá a lójú. "Ó dá mi lójú. Mo kọ̀ ọ́." Ó ń rẹ́rìn-ín sínú. Wasila sunkún títí wọ́n fi délé.

3.
Oṣù kẹsàn-án lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n lẹ orúkọ àwọn tó rí ilé gbà mọ́ ara ògiri. Àwọn èèyàn ń ti ara wọn, àwọn kan ń bú ìjọba, àwọn kan dákú. Orúkọ Wasila wà níbẹ̀! Yàrá mẹ́ta, àjà kẹrin.

Ta ló ń sun ilé tuntun láìsí ilẹ̀kùn irin lójú ọ̀nà? Milud yá ẹ̀rọ, ó jó irin fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ó fi ìdábùú mẹ́ta sí i nínú. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó ṣe láti ọdún mẹ́ta nìyẹn.

"Kò sí olè tó lè já eléyìí," ló ń fi yangàn.

Ó wá lọ bá ìmáàmù pé kó so yìgì padà. Ìmáàmù ní, "Ẹ̀ẹ̀melòó lo ti kọ̀ ọ́?" Milud bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà á. Nígbà tó dórí ìka kẹta, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Ó ti parí nìyẹn, ọmọ mi. Tó bá ti pé ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ ò lè fẹ́ra yín mọ́."

"Ṣùgbọ́n eré ni! Ilé la fi wá!"

"Lórí ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀, eré òun òótọ́, ọ̀kan náà ni. Àfi tó bá fẹ́ ọkọ mìíràn tọkàntọkàn, tí ìyẹn sì kú tàbí tó kọ̀ ọ́. Má sì tún wá dá ọgbọ́n ẹ̀tàn kankan sórí ìyẹn o!"

4.
Kò gbọ́. Ó gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sórí, ó gun àjà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wasila ṣí ilẹ̀kùn onígi, ti irin wà ní títì láàárín àwọn méjèèjì.

"Ìyá Ikram, ṣílẹ̀kùn. A ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Milud."

Láti ọdún mẹ́rìnlá tí wọ́n ti fẹ́ra, kò pe orúkọ yìí mọ́ ọn lórí rí.

"Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́ nígbà yẹn, Milud. O ní eré ni. Eré ti parí. Àwọn ọmọ á máa wá kí ẹ ní ọjọ́ Jímọ̀."

"Èmi ni mo ṣe ilẹ̀kùn yìí!"

"Mo mọ̀. Ó lágbára."

Ó mì í, ó fẹsẹ̀ gbá a, gbogbo ará ilé jáde wá wò ó. Ìdábùú kan ò yẹ̀. Ikram ń sunkún nínú ilé, ó ń pe bàbá rẹ̀.

Milud ti padà sínú yàrá kan ṣoṣo nílé ìyá rẹ̀. Ó lọ sí èbúté, wọ́n ní àwọn ò gba èèyàn mọ́. Ìjọba náà ti dá owó rẹ̀ dúró, wọ́n ní ó ti kọjá ọjọ́ orí àwọn tí wọ́n ń san án fún.

Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ ń kọ iṣẹ́ ọwọ́ yín sílẹ̀ torí ohun ọ̀fẹ́, tí ẹ ń fi ìyàwó yín ta tẹ́tẹ́, ẹ ṣọ́ra! Ìjọba tó ń fìyà jẹ òṣìṣẹ́ yóò jíhìn tiwọn níwájú Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu yín jáde, ẹ̀yin lẹ ni ín. Ẹyin lọ̀rọ̀: bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.