Ọkùnrin Tó Bá Morádéún Gun Kẹ̀kẹ́

Agbẹ̀bí ni Morádéún, kẹ̀kẹ́ ológeere ló fi ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ránṣẹ́ pè é sí aboyún kan tó ń rọbí lódìkejì odò. Bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú, ọkùnrin kan gun kẹ̀kẹ́ bá a lójú ọ̀nà.

"Ẹ kú ìrìn, ìyá agbẹ̀bí. Ẹ jẹ́ ká gba orí afárá rélùwéè àtijọ́. Ibẹ̀ ló yá jù."

Ara fu Morádéún. Ta ló sọ fún un pé agbẹ̀bí ni òun? Òkúta kún ojú ọ̀nà, kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ ń ró kàràkàrà, ṣùgbọ́n ti ọkùnrin náà ò dún rárá.

"Ẹ ṣeun, ọ̀nà ìsàlẹ̀ ni mo mọ̀."

"Aboyún yẹn ò ní lè dúró o."

Ọ̀rọ̀ náà gún un lọ́kàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ yà. Ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ tan tọ́ọ̀ṣì sí kẹ̀kẹ́ ọkùnrin náà. Táyà méjèèjì dúró gbagidi, wọn ò yí. Síbẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà ń bá tirẹ̀ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́-lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọkùnrin náà wo ibi tí iná tàn sí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó dàárọ̀ o," ó wí, ó sì dá yà sọ́nà afárá.

Morádéún sáré gba ọ̀nà ìsàlẹ̀. Nígbà tó dé, aboyún náà ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń retí rẹ̀.