Omíyalé àti Okùn Òpó Ọkọ̀ Rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sún mọ́ mi kí ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Omíyalé, apẹja kan ní abúlé Ìgbólómi létí ọ̀sà. Ó mọ ọkọ̀ ìgbòkun wà, inú rẹ̀ sì dára, ṣùgbọ́n kò mọ bí wọ́n ti ń dúró. Bí wọ́n bá gbé ọbẹ̀ kaná báyìí, á ti máa ṣí ìdérí rẹ̀ wò. Bó bá jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa mì bíi ti ẹni tí ìjàlọ wọ̀ ní ṣòkòtò.

Ìbídùn ọmọ rẹ̀ bí ọmọkùnrin sí òdìkejì ọ̀sà. Ọmọ-ọmọ àkọ́kọ́ ni fún Omíyalé, àwọn àna sì ránṣẹ́ pé òun ni kó wá kọ́kọ́ sọ ọmọ lórúkọ. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò rí oorun sùn. Àárọ̀ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ gan-an ló tó rí i pé wáyà tó di òpó ìgbòkun rẹ̀ mú ti dípẹtà, ó ti fẹ́ já. Ó tú u dànù, ó fi okùn ọ̀rá tuntun rọ́pò rẹ̀.

Okùn dáadáa ni o. Kì í dípẹtà, kì í jẹrà. Ṣùgbọ́n bó bá ṣì jẹ́ tuntun, ó máa ń nà. Àwọn apẹja ibẹ̀ á kọ́kọ́ ta ìgbòkun létí omi, kí atẹ́gùn fa okùn náà títí yóò fi nà tán, wọn á wá tún un fà le kí wọ́n tó gbéra. Omíyalé náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá Ìbídùn, ẹ jẹ́ kí okùn yẹn nà ná. Ẹ jókòó ká mu gààrí. Ká tó mu ún tán, á ti nà tó, ẹ ó wá tún un fà le."

"Gààrí kẹ̀? Oòrùn ti ń yọ! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n sọmọ lórúkọ lẹ́yìn mi ni? Wọlé sọ́kọ̀ jàre!"

Ni wọ́n bá gbéra. Ọkọ̀ ń sáré, síbẹ̀ Omíyalé ń na ọrùn wo iwájú. Nígbà tí wọ́n dé àárín ọ̀sà, okùn ti dẹ̀, òpó ti ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ ìgbòkun kalẹ̀, kó fa okùn le. Omíyalé ní bí òun bá dúró, òun pẹ́ nìyẹn. Kò pẹ́ tí atẹ́gùn ńlá kan fi fẹ́ lu ìgbòkun. Òpó ṣẹ́ gbàù, ó ṣubú sómi tòun ti ìgbòkun. Ẹ̀rù bà wọ́n gidigidi. Àjẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi wa ọkọ̀ dé èbúté, ọwọ́ Omíyalé sì bó.

Àga ni àwọn àna ń kó wọlé nígbà tí Omíyalé àti ìyàwó rẹ̀ dé. Ìbídùn gbé ọmọ fún bàbá rẹ̀ pẹ̀lú omi lójú.

"Bàbá mi, a dúró dè yín títí oòrùn fi wọ àtàrí. Àwọn àlejò fẹ́ máa lọ. Bàbá ọkọ mi ló bá wa sọ ọ́ lórúkọ."

Omíyalé gbá ọmọ náà mọ́ àyà. Ó pe orúkọ tó ti gbèrò láti ilé, "Omítádé," ó sì gbójú sókè bí ẹni tó ń retí kí àwọn èèyàn bá òun pè é. Wọ́n ti lọ sílé wọn. Ó dùn ún wọ eegun.

Ẹ̀yin ọmọ mi, okùn kọ́ ló jẹ̀bi. Àkókò díẹ̀ ni Omíyalé kò fẹ́ fi sílẹ̀, iyì tí kò ní padà mọ́ ló wá pàdánù nítorí rẹ̀. Iṣẹ́ tó bá gba sùúrù, ẹ fún un ní sùúrù rẹ̀. Ẹni tó bá kánjú fò ó, ohun tó ń sáré lé gan-an ni yóò bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.